Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn táàmù nílùú òyìnbó: ẹ̀yin tíṣà, báwo lẹ ṣe ń fa ọmọ lé ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Aké:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí l'Abẹ́òkúta kí n tó wá sí Ìlú Ọba, ìṣirò náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbí, mo sì ní kíláàsì kan tí wọ́n fi sábẹ́ mi. Gbogbo ẹni tó ń pè mí láti ilé báyìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ṣebí wọ́n ti ṣe ẹ̀sáàmù tán, kí lo tún ń ṣe tó ò fi tètè sùn. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ síbí kí gbogbo yín gbọ́ ọ pọ̀, mo sì ní ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin tíṣà ilé.

Lóòótọ́ GCSE, ìdánwò ńlá tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń ṣe níbí ní Year 11, ti parí. Oṣù Karùn-ún ló máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹfà ló ń parí, àwọn Year 11 tó ṣe é ti lọ sílé, ó di oṣù Kẹjọ kí èsì wọn tó jáde. Àmọ́ Year 7 títí dé Year 10 ṣì wà ní kíláàsì títí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin nínú Júláì, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Wákàtí tí mo fi ń kọ́ Year 11 tẹ́lẹ̀, wọn ò fi sílẹ̀ fún mi kí n fi sinmi, wọ́n á ní kí n lọ dúró ní kíláàsì tíṣà tí ò wá, kí n tún sikíìmù ọdún tó ń bọ̀ kọ. Ripọ́ọ̀tù ń bẹ níbẹ̀, òfin ní kí òbí gbà á ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tiwa sì wá bọ́ sí ìparí ọdún, gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́ ni mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé lé lórí. Ọjọ́ eré ìje ń bẹ níbẹ̀, ìrìn àjò àwọn ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ọjọ́ tí àwọn Year 6 láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa wá wo ilé-ìwé tí wọ́n ń bọ̀ ní September náà ń bẹ níbẹ̀. Ooru tún wá dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí òtútù ni, kò sí fáànù, wíńdò ò ṣí tán, àwọn ọmọ á ti rẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an rè é. Ọmọkùnrin kan wà ní Year 8 mi. Nígbà tó dé, kì í dáhùn ìbéèrè, tí mo bá ti pè é á bẹ̀rẹ̀ sí í wo tábìlì. Wọ́n ń lo pátákó funfun kékeré kan níbí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ ìdáhùn sí i á gbé e sókè kí tíṣà rí i, ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹ̀ ló ń gbà, ohùn ẹ̀ ni ò fẹ́ káwọn yòókù gbọ́. Ni mo bá ń jẹ́ kó kọ ọ́ ná kí n tó ní kó kà á síta. Ní báyìí ó ń nawọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa wà nínú ripọ́ọ̀tù ẹ̀: máàkì, àti "ó wà ní ìpele tó yẹ". Tíṣà tó máa gbà á ní September ò ní mọ nǹkan kan nípa pátákó yẹn, yóò pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ á tún wo tábìlì.

Ìbéèrè mi nìyí, ẹ̀yin tíṣà ilé, tí táàmù kẹta bá parí, kí lẹ ń sọ fún ẹni tó máa gba kíláàsì yín? Ṣé ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni àbí ẹnu lẹ fi ń sọ ọ́? Nítorí mo gbà pé ìwé tí tíṣà kọ sí tíṣà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wúlò ju ripọ́ọ̀tù tá a ń kọ sí òbí lọ, òun sì ni kì í sẹ́ni tó ń ráyè kọ.

Tíṣà Ọbáńtokò:
Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ wá fọwọ́ kan egbò wa.

Ẹ ẹ̀ gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Àwọn SS3 ń ṣe WAEC, NECO tún tẹ̀ lé e, àwọn JSS3 ń ṣe BECE, àwa kan náà là ń ṣọ́ ìdánwò, àwa kan náà là ń kọ́ àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò ìparí táàmù, ìwé á wá kún tábìlì, máàkì CA (ti iṣẹ́ inú táàmù) lọ́tọ̀, máàkì ẹ̀sáàmù lọ́tọ̀, ká tún lọ wá táàmù kìíní àti ìkejì jáde, ká ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ká pín in sí mẹ́ta, kó tó di pé a mọ ẹni tó máa lọ sí kíláàsì tó kàn. Tí o bá ṣi nọ́ńbà kan kọ lórí broadsheet, ìwé ńlá tí máàkì gbogbo kíláàsì wà, ó di kí o tún gbogbo ìlà yẹn ṣe. Tó bá wá kan ibi ọ̀rọ̀ tíṣà nínú káàdì ọmọ, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀, "èsì tó dáa, tẹra mọ́ ọn", òun la óò kọ fún ìdajì kíláàsì nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀gá sì fẹ́ gba káàdì lọ́la.

Ká má parọ́, ẹnu la fi ń sọ tiwa. Ní stáfúrúùmù, nígbà tá a bá ń jẹ búrẹ́dì àtẹ̀wà, ẹnìkan á ní "ta ló ń gba 2B? Ṣọ́ra fún ọmọ báyìí báyìí". Ó parí síbẹ̀. Ẹ sì wò ó, àwọn aláìgbọràn lásán la máa ń rántí sọ, àwọn jẹ́jẹ́ bíi ọmọ tẹ́ ẹ sọ yẹn, a kì í dárúkọ wọn rárá.

Adìrẹ Ìtòkú:
Èmi kì í ṣe tíṣà o, mo kàn fẹ́ béèrè, kí làwọn òbí máa ń fún tíṣà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń parí? Àbúrò mi ní kí n fi adìrẹ ránṣẹ́ fún tíṣà ọmọ òun, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń gbà á.

Ọmọ Aké:
Wọ́n máa ń gbà á o, ẹ fi ránṣẹ́. Káàdì àti ṣokoléètì ló wọ́pọ̀. Kó má jẹ́ odindi ìró, àpò kékeré tàbí ìborùn á dáa, kó kọ ìwé pélébé sí i kí wọ́n mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti rẹ ẹ́, inú wọn á dùn gan-an.

Tíṣà Ọbáńtokò, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gún mi, pé àwọn aláìgbọràn nìkan la máa ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí.

Màmá Aṣẹ́rò:
Ọmọ mi, Ọmọ Aké, o káre. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ àmọ́ mo ṣì ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí irú ẹ̀ rí nílé. Log book, ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé, wà lọ́dọ̀ hẹdimáàsítà, ìwé ìgbaniwọlé wà, a sì máa ń ní káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé e láti kíláàsì dé kíláàsì, wọ́n á kọ ìlera ẹ̀ sí i, wọ́n á kọ ìwà ẹ̀, wọ́n á kọ ohun tó fẹ́ràn. Nígbà tí ọmọ wá pọ̀ ju tíṣà lọ ni káàdì yẹn di ohun tí eku ń jẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àìsí àyè ló pa á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi ọ́, ṣé wọ́n fún yín ní wákàtí tẹ́ ẹ máa fi kọ ọ́ níbẹ̀ ni, àbí oorun yín náà ni wọ́n ń gbà?

Ọmọ Aké:
Ẹ ṣé mà, ẹ kú àdúrótì. Oorun wa ni mà. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tíṣà níbí, fún ilé-ìwé tó bá ń tẹ̀ lé e, sọ pé 1,265 wákàtí ni ọ̀gá lè pàṣẹ fún tíṣà lọ́dún, láàárín ọjọ́ 195. Ó dáa létí. Àmọ́ ìwé kan náà tún ní kí tíṣà fi wákàtí tó bá yẹ kún un kó lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ yanjú. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ripọ́ọ̀tù gbà wọlé, òun náà ni máàkì gbà wọlé. Lásìkò yìí aago wa àti aago tiyín ò yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí mi lórí ẹ̀rọ láago mọ́kànlá alẹ́, aago mọ́kànlá náà ni níbí, ripọ́ọ̀tù ló wà níwájú mi.

Màmá Aṣẹ́rò:
Kì í ṣe òní. Abẹ́òkúta yìí ni Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì I. O. Ransome-Kuti ti ṣe ọ̀gá Abeokuta Grammar School, láti 1932 títí di 1954, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo tíṣà ni wọ́n torí ẹ̀ kó ara wọn jọ. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bi ẹgbẹ́ yín níbẹ̀ kí wọ́n bá yín gba ọ̀sán kan péré, ọ̀sán tí ẹ óò jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń gba kíláàsì.

Ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo ti kàwé tíṣà, mo sì ń kọ́ físíìsì ní ilé-ìwé àdáni kan. Àǹtí Ọmọ Aké, báwo lẹ ṣe rí QTS, ìwé àṣẹ tíṣà ní England, gbà? Ẹnìkan tún sọ fún mi pé tíṣà ò lè fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú níbẹ̀, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Aké:
Kò burú àbúrò mi. Láti 2023 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà kó béèrè fún QTS látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Físíìsì rẹ wọ inú ẹ̀. O gbọ́dọ̀ ní dìgírì, kí o ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà, kí o sì ti ṣiṣẹ́ ọdún kan ó kéré tán lẹ́yìn tí o gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n máa béèrè ìwé tó fi hàn pé kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ tíṣà nílé, torí náà tètè tún ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ rẹ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣe. Ojú-ewé ìjọba wọn gan-an ni kí o kà, má ka ti èjẹ́ńtì.

Òótọ́ ni tìkejì. Tíṣà tó bá fẹ́ lọ ní ìparí ọdún, 31 May ni lẹ́tà ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá, àdéhùn ẹ̀ á parí ní 31 August, wọ́n á sì máa san owó oṣù ẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Fún Kérésìmesì, 31 October ni. Ẹni tó bá wà lórí físà iṣẹ́ ní láti ṣọ́ra sí i, torí orúkọ ilé-ìwé tó gbà ọ́ ló wà lórí físà yẹn. Ilé-ìwé tuntun gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé onígbọ̀wọ́ tiwọn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí o tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí iṣẹ́ bá bọ́ láìsí òmíì, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá òmíì tàbí kúrò nílùú. Má kọ lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ kí o tó rí ibòmíì dì mú o.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Ẹ jẹ́ kí èmi sọ tèmi, inú lè má dùn sí i o. Ìwé tẹ́ ẹ ń sọ yìí, tí tíṣà kan ń kọ sí tíṣà kejì, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Taiwo mi kúrò ní ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé tí wọ́n fi sin ín lọ, olóríkunkun ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ọjọ́ tó dé ibi tuntun, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, wọn ò tíì rí ìwà ẹ̀ o, wọ́n kàn ti ka ìwé. Tí wọ́n bá pè é tí ò dáhùn, wọ́n á ní ẹ ò rí i, oríkunkun rè é. Ìgbà tí etí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi la gbé e lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé etí òsì ọmọ yìí ò gbọ́ran dáadáa, ó sì ti pẹ́. Ọmọ tí kì í gbọ́, wọ́n lọ fi í sí ẹ̀yìn kíláàsì. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ni inú máa ń bí mi.

Torí náà kí tíṣà tuntun fi ojú ara ẹ̀ wo ọmọ. Ẹ má fi ojú yín sí i lójú.

Tíṣà Ọbáńtokò:
Hẹ̀ẹ̀, ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Báwo wá ni etí ọmọ náà?

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Ó ti san o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n tọ́jú ẹ̀. Iwájú ló ń jókòó báyìí.

Ẹ̀gbá Texas:
Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Lọ́dọ̀ tiwa ní Texas, ìparí May la ti tilẹ̀kùn, ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STAAR ti parí ṣáájú ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tíṣà fúnra ẹ̀ ló ń tú gbogbo nǹkan ara ògiri, tó ń kó ìwé sí páálí, tó ń kọ orúkọ mọ́ àga, torí wọ́n máa wá fọ ilẹ̀ kíláàsì nígbà họlidé.

Ìyá Ìbejì sọ òótọ́, àmọ́ mo fẹ́ fi kan kún un. Níbí, ọmọ tó bá ní ìṣòro ara tàbí ti ẹ̀kọ́ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní IEP, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1975 ló gbé e kalẹ̀, gbogbo tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ rí i kà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí tíṣà gbọ́dọ̀ ṣe fún ọmọ náà wà nínú ẹ̀: kó jókòó níwájú, kí wọ́n fún un ní àsìkò sí i, kí wọ́n ka ìbéèrè fún un. Tó bá jẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ lé Taiwo, ibi tó ń jókòó báyìí ló máa ti jókòó látìgbà yẹn. Ọmọ tí ò ní IEP ni ò ní nǹkan kan.

Ohun kan tún wà, àbúrò mi Ọmọ Aké, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí o tó kọ ọ́. Èèyàn tó ti rẹ̀ kì í rántí ohun tó dáa nípa ọmọ. Èmi ti ń kọ tèmi díẹ̀díẹ̀ láti April, nígbà tí orí mi ṣì pé.

Ọmọ Aké:
Ìyá Ìbejì, mo ka ti Taiwo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jàre. Irú ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ yẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ, ó sàn kí wọ́n má kọ nǹkan kan. Wọ́n ti dájọ́ fún ọmọ, wọn ò sì sọ ohun tí ẹlòmíì lè fi ràn án lọ́wọ́.

Ìwé tó jọ IEP wà níbí náà, EHCP ni wọ́n ń pè é, ó kéré tán ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ọmọ tí ìṣòro ẹ̀ le nìkan ló ń rí i gbà. Ọmọ Year 8 mi ò lè rí i gbà láéláé, kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn ń tijú ni. Àwọn bí tiẹ̀ ló pọ̀ jù.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. N kò ní kọ irú ọmọ tó jẹ́. Ohun tí mo ṣe tó ṣiṣẹ́ ni màá kọ. Fún àpẹẹrẹ: "Jẹ́ kó kọ ìdáhùn kó tó sọ ọ́." "Ó mọ ìdá dáadáa, àmọ́ ìṣòro tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ ń dà á rú, bá a fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n béèrè." "Tó bá pẹ́ dé láàárọ̀, òun ló ń mú àbúrò ẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́." Òfin ìpamọ́ ìsọfúnni níbí jẹ́ kí òbí lè béèrè ohun tó wà nínú fáìlì ọmọ ẹ̀, torí náà ohun tí mi ò lè kà sí ìyá ọmọ létí, mi ò ní kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Tó bá jẹ́ báyìí, mo fara mọ́ ọn. Èyí tó sọ pé òun ló ń mú àbúrò ẹ̀ lọ yẹn, ọmọ mélòó ni wọ́n ti nà nílé wa níbí torí pé wọ́n pẹ́ dé, tí ẹnì kankan ò bi wọ́n léèrè.

Màmá Aṣẹ́rò:
Ọmọ Aké, ohun kan kù. Mo gbọ́ pé fíìmù ni wọ́n ń fi han àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ọmọ máa ń mọ ọjọ́ tí tíṣà ti jáwọ́.

Ọmọ Aké:
Àwọn kan ń ṣe é mà, ó sì yé mi, ó ti rẹ gbogbo èèyàn. Èmi ń kọ́ wọn títí dé òpin, mo kàn ń yí ọ̀nà padà. Year 9 mi ń ṣe igun mẹ́ta lọ́wọ́, bí èèyàn ṣe ń fi igun àti jíjìnnà mọ gíga nǹkan láìgun ún. Mo gbé fọ́tò Òkúta Olúmọ sójú pátákó, mo ní ká sọ pé a dúró nísàlẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀n kẹ́ ẹ tó lè mọ bó ṣe ga tó. Ariwo sọ. Ọ̀kan ní òun á ju okùn sílẹ̀ látòkè. Mo sọ fún wọn pé 137 mítà ni wọ́n ń pe gíga ẹ̀ láti ojú òkun, wọ́n wá ń bá ara wọn jà pé ojú òkun kọ́ là ń béèrè, ilẹ̀ tá a dúró sí ni, ohun tí mo sì fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan béèrè pé ta ló ń gbé lábẹ́ ẹ̀. Mo sọ ti àwọn Ẹ̀gbá tó dé ibẹ̀ ní 1830 fún wọn, bí wọ́n ṣe fi òkúta yẹn ṣe ibi ìsádi lásìkò ogun. Aago lù, wọn ò dìde.

Màmá Aṣẹ́rò:
Olúwa á bù kún ọ.

Tíṣà Ọbáńtokò:
Àǹtí, mo ti pinnu. Ọmọ inú kíláàsì mi pọ̀, mi ò lè kọ ti gbogbo wọn, àwọn jẹ́jẹ́ ni màá mú, àwọn tá a kì í dárúkọ ní stáfúrúùmù. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìbéèrè wo lẹ fẹ́ máa dáhùn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan? Kí n fi ṣe àwòkọ sínú ìwé mi kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ n ò ní ráyè mọ́.

Ọmọ Aké:
Inú mi dùn o. Lọ́sàn-án òní ni ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò wa gbà pé ká fi òpó (column) kan kún ìwé máàkì tá a máa gbé fún ara wa, a sì máa jókòó lórí ẹ̀ ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé. Mẹ́ta ni mo béèrè, má jẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọwọ́ má baà rọ àwọn tíṣà yòókù:

Kí ló ṣiṣẹ́ fún ọmọ yìí?
Kí ló mọ̀ tí máàkì ẹ̀ ò fi hàn?
Kí ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi?

Kọ ìdáhùn sí ìlà kan kan, kí o fi orúkọ ara rẹ sábẹ́ ẹ̀, kí ẹni tó gbà á lè rí ọ bi tí nǹkan kan ò bá yé e.